Tíṣà Tó Fi Ọ̀rọ̀ Ya Òbírí

Òórùn tó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní yàrá àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Mahintedo ni ti ẹja tí wọ́n ń fi èéfín yan ní òdìkejì odò. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé e gba ojú fèrèsé wọlé, òun àti òórùn ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá ti fà, títí yóò fi wọ inú ìwé, tí yóò wọ inú aṣọ, tó fi jẹ́ pé bí mo bá lọ kí ìyá mi ní Òkìtìpupa, kí n tó kúnlẹ̀ tán ni yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé ẹja yíyan ti dé. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ní ìṣirò, mo rò pé n kò ní lè fara dà á. Ẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi ń bà mí, n kò sì mọ bí wọ́n ti í rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi láti ilé dé ilé láìwo ẹsẹ̀ ara ẹni. Àmọ́ nínú yàrá yẹn náà ni mo ti mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ìwọ náà ń kọ́ ọmọ, yóò yé ọ ju bó ti máa yé ẹlòmíràn lọ.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, bí ẹni pé olùkọ́ mìíràn kò sí. Ọmọ Ayétòrò ni. Òkun ti gbé ilé tí wọ́n bí i sí lọ, ó ti gbé èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ tẹ̀ lé e, kó tó kó ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ rí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìgúnpá kó tó wọ kíláàsì, bí ẹni tó fẹ́ wọ inú omi. Òun ló ń kọ́ àwọn kíláàsì òkè ní ìṣirò, ohun tó sì sọ ọ́ di olókìkí ni òbírí tó máa ń yà. Yóò dúró gbọnyin níwájú pátákó, yóò na apá ọ̀tún rẹ̀ tán, yóò sì yí i po láti èjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀kì náà yóò máa dún fẹ́ẹ́rẹ́ lórí pátákó títí yóò fi padà bá ibi tó ti gbéra. Kì í lo kọ́ńpáàsì. Àwọn ọmọ a máa pàtẹ́wọ́ fún un, òun a sì ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, ṣùgbọ́n èmi máa ń rí ẹ̀rín lábẹ́ irunmú rẹ̀. Nígbà tí n kò bá ní iṣẹ́, mo máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà bí ẹni tó ń wá nǹkan, kí n ṣáà lè rí apá yẹn bó ti ń yí po.

Ní àsìkò òjò ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi gbé e lọ sí Igbókòdá, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ́ràn bí ó bá fi ọ̀pá tì í, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti já gaara, ọpọlọ rẹ̀ sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀. Ó so mọ́ ọn lára bí àjẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dì mú.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà sí kíláàsì. Ó kí àwọn ọmọ, ó bá wọn ṣàwàdà díẹ̀ nípa oúnjẹ ilé-ìwòsàn, lẹ́yìn náà ló yíjú sí pátákó, ó sì fi ọwọ́ òsì mú ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó yà dà bí ẹyin tí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Èkejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín, bóyá ì bá sì sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún, ó ní kí wọ́n máa ka ìwé wọn, ó sì jáde lọ jókòó sábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́bàá odò. Mo bá a lọ síbẹ̀. Mo jókòó tì í.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ kan ti kọjá tí ìgbì rẹ̀ sì ti rọlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, òbírí náà ṣì wà lójú mi, bó ti yẹ kó rí gan-an. Ọwọ́ ni kò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó bọ̀wọ̀ fún Tíṣà bíi bàbá, kò fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, ìdánwò àṣedánrawò tí àwọn ọmọ ṣe nígbà tí Tíṣà wà lórí àìsàn kò sì dára rárá. Èmi ni mo di kíláàsì náà mú fún un nígbà náà, mo sì rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò náà lórí ohun tí Tíṣà ti kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ti dojú rẹ̀ délẹ̀, orí onígun mẹ́ta inú rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Díẹ̀ ṣíún ló rí i ṣe nínú wọn. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo rò ó pé nítorí pé Tíṣà kò sí nítòsí ni. Ọ̀gá àgbà náà rò bẹ́ẹ̀, ló bá pè é, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bóyá kó kúkú máa bá wọn bójú tó yàrá ìkàwé títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò fi pé, kí àwọn wá olùkọ́ mìíràn fún kíláàsì náà. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí òun parí sáà yẹn ná, kí òun fi ẹnu kọ́ wọn, kí èmi máa bá òun ya àwòrán. Ọ̀gá àgbà gbà fún un, àmọ́ gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi sì rèé, bí mo bá ń ya òbírí fún un, ṣe ni mo máa ń rí i tí yóò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bàa wò mí.

Àárín ìgbà yìí ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò lọ́hùn-ún. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọ̀n àti okùn ìpẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà ní èbúté, Tíṣà gan-an ló sì lọ bá ìyá náà nígbà kan pé kó má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí dá ẹ̀kọ́ dúró. Bí ọmọbìnrin náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà ló wá kí i. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi furúùtù yẹn tòun ti ìbòrí rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó fi ọ̀rá di kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kí omi má bàa ta sí i.

Ó ní, “Ẹ má yà á mọ́, sà. Ẹ sọ ọ́.”

“Kí n sọ ọ́ fún ta ni?”

“Fún èyí.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí àwọn onímọ̀ ṣe fún yíya àwòrán ìṣirò, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi ọwọ́ ya nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán lèèyàn ń kọ sí i: pé òbírí kan wà, pé O ni àárín rẹ̀, pé A àti B àti C wà lórí rẹ̀, kí ìlà so wọ́n pọ̀. Ètò náà ni yóò fúnra rẹ̀ wá ibi tí olúkúlùkù wọn yóò dúró sí, tí yóò sì yà á jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì pọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ènìyàn mọ ohun tó ń sọ. Mo rí i lójú Tíṣà pé kò gbà á gbọ́. Ó ní òun ti dàgbà jù fún eré ọmọdé. Ọmọbìnrin náà kò bá a jiyàn, ó kàn gbé kọ̀ǹpútà náà sórí itan rẹ̀.

Ìka kan ṣoṣo ti ọwọ́ òsì ni Tíṣà fi tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìṣáwùrú. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin náà ní kó tẹ bọ́tìnnì kan. Òbírí kan jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó mọ́, ó yí po jálẹ̀, kò síbi tó ti wọ́.  Tíṣà gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi ìka tọ etí òbírí náà yí ká lójú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé omi ti lé sí i lójú. Mo gbójú sí odò.

Ṣùgbọ́n má rò pé ó rọrùn látìgbà náà lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà fẹ́ ya ìlà kan tó fara kan òbírí láìwọ inú rẹ̀, èyí tó ti yà láìmọye ìgbà láyé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí ìlà kan gba ojú àmì A kọjá. Ètò náà sì fa ìlà kan tó gba A kọjá lóòótọ́, àmọ́ ṣe ló la òbírí náà kọjá bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi gún ẹja. Tíṣà ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó ka ohun tó kọ sókè. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn náà, ẹ̀rín tó mú kí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lókè odò gbójú sókè.

Ó ní, “Ohun tí mo sọ ló yà. Kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi.”

Láti ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́ta la máa ń pàdé lábẹ́ igi náà bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí. Òun ló ń kọ, ọmọbìnrin náà ń ṣàlàyé, èmi ń wò wọ́n. Mo rí i bó ti ń yí padà. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi kọ́ni, “ìlà yìí” àti “igun yẹn” ló kún ẹnu òun, nítorí ìka òun wà níbẹ̀ láti tọ́ka. Ẹ̀rọ yìí kò mọ èyí, kò mọ ìyẹn. Bí nǹkan kò bá ní orúkọ, tí o kò sì sọ bó ti bá àwọn yòókù tan, kò sí lójú rẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tí yóò máa bá ènìyàn ya àwòrán yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ ni. N kò rí ohun tó le tó o rí. Ó le bí àgbàlagbà tó ń fetí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ, tí kò ní bá ọ parí gbólóhùn tí o kò parí. Mo sì máa ń ronú nípa àwọn tó jókòó tí wọ́n ṣe é, àwọn tí wọn kò mọ ibi tí Mahintedo wà, tí wọn kò mọ̀ pé ọkùnrin kan ń bẹ lẹ́bàá odò tí ọwọ́ rẹ̀ ti sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin náà fi bọ́tìnnì mìíràn hàn án. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, ètò náà yóò tún àwòrán mìíràn yà látinú ọ̀rọ̀ náà: òbírí tó tóbi, òbírí tó kéré, onígun mẹ́ta tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó dojú délẹ̀. Tíṣà tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. 

Ó wá wò mí. “Àǹtí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ti ń yà fún wọn. Lọ́dọọdún, ọ̀kan náà. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé òun ni ẹ̀kọ́ náà.”

Nígbà náà ló yé mi ìdí tí àwọn ọmọ kò fi dá àwòrán tó dojú délẹ̀ mọ̀. Kò dá mi lẹ́bi, kò sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí. Ó kàn ní kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà láti tọrọ kíláàsì kan péré, kí òun kọ́ ọ bí òun ti fẹ́, kí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Kò sí ibi tí gbogbo ọmọ ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà kékeré yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọkùnrin tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté ló yá wa ní gbọ̀ngàn rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ńlá àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀; ó ní Tíṣà ti kọ́ òun náà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù, ọ̀gá àgbà jókòó lẹ́yìn pátápátá, àpò rẹ̀ lórí itan. Òórùn pẹtiróòlù gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Tíṣà dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò mú ṣọ́ọ̀kì.

Ó ní lónìí, àwọn ọmọ ni yóò ya àwòrán, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan nǹkan. Kí wọ́n sọ ọ́. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n ya onígun mẹ́ta sínú òbírí. Onígun mẹ́ta bíńtín kan sì jáde láàárín òbírí ńlá, ó léfòó níbẹ̀ bí ewé lórí omi. Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní rárá, ṣóńṣó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà lórí òbírí. Ẹlòmíràn tún ní kí wọ́n jẹ́ kí ìlà A dé B gba àárín òbírí kọjá, kó là á sí méjì dọ́gba. Wọ́n ń bára wọn jiyàn, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe, àwòrán sì ń yí padà lójú wọn bí ọ̀rọ̀ wọn ti ń yí padà. Nígbà tí àwòrán náà wá rí bí Tíṣà ti fẹ́, ó ní kí ọmọbìnrin náà máa tẹ bọ́tìnnì. C bọ́ sókè, C bọ́ sísàlẹ̀, C sún mọ́ A débi pé onígun mẹ́ta náà fẹ́lẹ́ bí abẹ. Ibi yòówù kó wà, igun tó wà níbi C dúró ṣánṣán bí igun tábìlì.

 Ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dìde. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: ó ti sunkún lọ́dọ̀ mi nítorí ìdánwò àṣedánrawò yẹn. Èdè Ìlàjẹ tí wọ́n ń sọ nílé ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó gbàgbé pé inú kíláàsì lòun wà, pé ibikíbi tí C bá sá lọ, ọ̀kan náà ni. Tíṣà bi í pé, “Kí ló dé?”

Ó dúró, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní kí wọ́n fa ìlà kan láti O dé C. Wọ́n fà á. Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pé OA àti OB àti OC gùn bákan náà, nítorí pé láti àárín dé etí òbírí ni gbogbo wọn. Pé onígun mẹ́ta ńlá náà ti wá di méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun méjì tó dọ́gba. Pé nítorí náà, igun A àti igun B, bí a bá pa wọ́n pọ̀, ni igun C. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì gbogbo igun inú onígun mẹ́ta náà ni C nìkan kó. Bó ti débẹ̀ ló jókòó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹrí ba fún un díẹ̀, bí àwọn àgbà ti í ṣe fún ara wọn, mo sì rí ọmọ náà tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ọ̀gá àgbà dìde lẹ́yìn, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó rìn wá síwájú. Ó ní, “Tíṣà, kíláàsì yín ń dúró dè yín lọ́la.” Ó jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Tíṣà kọ́ wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìdánwò àṣejáde ọdún náà dára, inú wa sì dùn sí i, àmọ́ ohun tó dùn mọ́ mi jù ni bí àwọn ọmọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀ síra wọn lórí pákó ojú omi, tí wọ́n ń bi ara wọn pé: kí lo pè ní A, níbo lo sọ pé ó wà? Nígbà tí yunifásítì ṣí padà, ọmọbìnrin oníbòrí náà fi ètò yẹn sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kó tó wọkọ̀. Àwòrán tí Tíṣà fi ìka kan tẹ̀ jáde bá ọkọ̀ lọ sí Araromi àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní etíkun, láìsí orúkọ rẹ̀ lára wọn. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ òun ṣe, ṣé orúkọ òun ló wà lórí òbírí ni?

Wọ́n ti gbé mi kúrò níbẹ̀ báyìí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo ti ń kọ́ni, ètò náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ìlà díẹ̀ ti í di àwòrán tó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún yẹn wá jẹ́ fún mi ju àwòrán lọ. Mo ti kọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan àti ẹ̀rọ kan pé ohun tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ohun tí mo sọ, pé kò sì sí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè láti mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìjà pẹ̀lú ọkọ mi ju bí mo ti lè sọ fún ọ lọ.

Mo lọ kí Tíṣà lásìkò ọyẹ́ tó kọjá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa, ó sì ní kí n ka ọ̀kan sí òun létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: òbírí, àárín rẹ̀, àwọn ojú àmì, ìlà tó so wọ́n pọ̀. Ó di ojú rẹ̀, ó sinmi orí lé ògiri, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ bí mo ti ń kà. Nígbà tí mo parí, kò la ojú.

Ó ní, “Ó dára, ọmọ mi. Àmọ́ o kò tíì sọ ibi tí D wà.”

Mo wo ìwé náà. Lóòótọ́, n kò sọ ọ́.